Àmì Pupa Tí Mo Rí Tí Mi Ò Sọ

Òórùn ìwé tó ti gbó ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi tí mo bá ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì wa láàárọ̀ nígbà yẹn. Òkè kẹta la wà nínú ilé àtijọ́ kan tó kojú sí ọ̀sà ní Màrínà. Kò sí fèrèsé kan nínú ilé náà tó ń pa dé dáadáa, nítorí náà atẹ́gùn oníyọ̀ ń wọlé bá àwọn ìwé náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ti sọ ẹ̀yìn wọn di rírọ̀. Ìwé ẹjọ́ ni wọ́n, wọ́n tò wọ́n láti ilẹ̀ dé òkè àjà, ọdún lórí ọdún. Ọ̀gá mi fẹ́ràn wọn. Bó bá ń kọjá, á máa fi ìka tọ ẹ̀yìn wọn lọ bí ẹni tó ń ka àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má tàn ọ́, ẹnì kankan ò ṣí wọn mọ́. Èmi ni mo kéré jù nínú àwa lọ́yà mẹ́rin tó wà níbẹ̀, èmi ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ ìwádìí lé lọ́wọ́. Orí láptọ́ọ̀pù ni mo ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, ní tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ní CMS.

Níwọ̀n ìgbà tí ìwọ kì í ti í ṣe lọ́yà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun kan. Ẹjọ́ kì í dá dúró. Ohun tí àwọn adájọ́ bá sọ nínú ẹjọ́ ẹlòmíràn la máa ń mú lọ bá adájọ́ tiwa, pé, ẹ wò ó, báyìí ni wọ́n ṣe dá a fún ẹni tó jọ oníbàárà wa, ẹ bá wa dá a bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ lè wá fagi lé ohun tí wọ́n sọ yẹn. Tí o bá wá mú ẹjọ́ tí wọ́n ti fagi lé lọ síwájú adájọ́, òfo lo gbé dání. Láyé àwọn ọ̀gá wa, èèyàn lè fi ọjọ́ mẹ́ta tú ìwé kó tó mọ̀ bóyá ẹjọ́ kan ṣì dúró. Ní tiwa, ìkànnì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bá wa ṣọ́ wọn. Wàá tẹ orúkọ ẹjọ́ náà sí i, á sì kó gbogbo ẹjọ́ tó ti dárúkọ rẹ̀ láti ìgbà náà síwájú rẹ: èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó bá a jiyàn, èyí tó pa á. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹjọ́ náà, àmì róbótó kékeré kan máa ń wà. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹjọ́ náà ṣì dúró. Tó bá jẹ́ pupa, ó ti kú. Mo fẹ́ràn ìkànnì yẹn gan-an. Nínú iṣẹ́ tí kálukú ti ń wá bí yóò ṣe fi ọ̀rọ̀ borí ẹnì kejì rẹ̀, òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń sọ òótọ́ láì wojú ẹnikẹ́ni.

Alhaja kan ló gbé ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí wá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi ìborùn funfun borí. Ìta Fájì ni wọ́n bí i sí, nínú ilé bàbá rẹ̀, ó sì ti padà síbẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Fìlà àdúrà ló ń fi ọwọ́ rán. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá kọ́kọ́ ní kí n lọ wo ilé náà, ẹ̀yìn Ìgá Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, ni mo gbà, mo sì ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì láàárín àwọn òpópónà tóóró yẹn kí n tó rí i níbi tó jókòó sí lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí òwú funfun kún itan rẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi. Oòrùn ń ta gan-an níta, síbẹ̀ sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó mú mi yí ilé ká. Ó fi àwọn fèrèsé onígi hàn mí, èyí tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí láyé baba baba rẹ̀, ó fi kànga tí wọ́n ti dí hàn mí, ó wá mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Sàréè bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe é, kò sí ewé kan lórí rẹ̀.

“Àràárọ̀ ni mo máa ń kí i,” ni ó wí. “Tí mo bá ti kírun àsùbáà tán, màá jáde wá síbí.”

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti olórí ẹbí ló ta ilé náà fún ọkùnrin kan tó ń ta irin ìkọ́lé, láì bi í. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn tó kù ní ìdí igi ìyá tirẹ̀, nítorí náà òfin fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ilé ẹjọ́ da irú títà bẹ́ẹ̀ nù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ti pẹ́. Àwọn àgbà ẹbí ní kó ní sùúrù, pé àwọn á parí rẹ̀ nílé, ó sì ní sùúrù náà fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ibẹ̀ ni lọ́yà ẹni tó ra ilé wá gbá mú. Ó ní ìyá ti pẹ́ jù, ẹ̀tọ́ tó ní ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni mo rí ẹjọ́ tó dà bíi pé ó máa gbà wá. Mo ti wá a fún ọjọ́ bíi mélòó kan lórí ìkànnì yẹn. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan ni, ní ìlú tó jìnnà sí Èkó, tí wọ́n ta ilé ẹbí mọ́ lórí, tí òun náà sì pẹ́ kó tó pẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ẹni tó ń gbé inú ilé ẹbí, tí kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́. Mo wo àmì tó wà lókè. Àwọ̀ ewé ni. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, mo gbé e lọ bá ọ̀gá bó ṣe ń gbóná láti inú ẹ̀rọ. Ó kà á tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, “Ìwọ ni ojú ọ́fíìsì yìí.” Ó sọ ọ́ létí gbogbo àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo tún ń sọ ọ́ fún ara mi nígbà tí mo délé. Orí ẹjọ́ kan ṣoṣo yẹn la gbé ìwé àlàyé wa lé, ìyẹn ìwé tí lọ́yà fi ń ro ẹjọ́ fún adájọ́, tí kálukú sì gbọ́dọ̀ ti kó síwájú rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, bí ẹjọ́ ṣe máa ń falẹ̀ níbí. Lọ́jọ́ kan adájọ́ ò jókòó. Lọ́jọ́ mìíràn, lọ́yà ẹni tó ra ilé ń ṣàìsàn. Oṣù mẹ́jọ kọjá. Mo ní àṣà kan nígbà náà, mo ṣì ní in dòní: bí ìgbẹ́jọ́ bá ti kù díẹ̀, mo máa ń tún gbogbo ẹjọ́ tá a lò yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, òjò ń rọ̀ sórí ọ̀sà, èèyàn ò rí òdì kejì omi. Mo tẹ orúkọ ẹjọ́ obìnrin yẹn, ojú ìwé náà ṣí, àmì tó wà lókè sì pupa.

Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣi orúkọ tẹ̀ ni. Mo pa á dé, mo tún un tẹ̀, pupa náà ni. Àwọn tó bá obìnrin yẹn ṣẹjọ́ ti gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ó sì ti pàdánù níbẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú. Mo ka ìdájọ́ náà láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mò ń wá ibi tí mo lè gbà yọ. Kò síbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tó yé ọmọdé: kéèyàn máa gbé inú ilé kò tó, ó gbọ́dọ̀ tètè lọ sí ilé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ Alhaja ni wọ́n ń sọ láì mọ̀ ọ́n. Mo rántí pé mo tún ronú nípa obìnrin tó ni ẹjọ́ yẹn gan-an, ẹni tí n kò rí rí, pé níbo ló wà lọ́sàn-án yẹn, ta ló sì túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù wọ yàrá ọ̀gá. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n tilẹ̀kùn.

“Ṣé àwọn ti òdì kejì ti mẹ́nu bà á?”

“Rárá, sà. Wọ́n ti kó ìwé wọn sílẹ̀ kí èyí tó jáde.”

“Lọ́yà wọn ti dàgbà. Kì í lo àwọn nǹkan yìí.” Ó gbé kọ̀ǹpútà náà padà sí iwájú mi. “A ò ní parọ́. Bí wọ́n bá bi wá, a máa dáhùn. Bí wọn ò bá bi wá, kò sóhun tá a fẹ́ sọ.”

Mo ní, “Sà, òfin iṣẹ́ wa ní ká sọ fún adájọ́.”

Kò pariwo mọ́ mi. Ó wò mí bí ẹni tó rẹ̀. “Mo ti mọ òfin iṣẹ́ wa kí wọ́n tó bí ẹ. Àmọ́ ìyá yẹn ló máa kó ẹrù síta, kì í ṣe òfin.”

Mi ò fẹ́ kí o rò pé èèyàn burúkú ni. Nínú ọkàn rẹ̀, ìyá náà ló ń gbà sílẹ̀. Èmi náà sì mú ìdí yẹn, mo fi bo ìdí tèmi mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Èyí tó tún burú jù ni pé èmi ni mo rí ẹjọ́ yẹn, òun ló sì sọ mí di ojú ọ́fíìsì. Bí ẹjọ́ náà bá kú, mi ò mọ ohun tí mo máa jẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀ ni, bóyá ǹ bá má máa sọ ọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ra ilé. Ẹjọ́ ti sú u. Ó fẹ́ wó ilé náà kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní bí Alhaja bá lè jọ̀wọ́ ẹjọ́, òun á kọ́ yàrá méjì fún un ní ẹ̀yìnkùlé, yóò máa gbé ibẹ̀ títí tí Ọlọ́run á fi pè é, òun ò sì ní fọwọ́ kan sàréè. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì láti dáhùn. Ọ̀gá ní kí n pe Alhaja wá.

Ó gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta, ó ń sinmi lórí gbogbo igun. Mo fún un lómi. Ọ̀gá ka lẹ́tà náà fún un ní Yorùbá, kò yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀, ó wá ní, “Alhaja, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ wà. Àmọ́ èmi ò rò pé ẹ nílò rẹ̀. Ẹjọ́ yín lágbára.” Lẹ́yìn náà ó wo aago, ó gbé kóòtù dúdú rẹ̀ kọ́ apá, ó lọ sí ilé ẹjọ́ mìíràn tó ti ń dúró dè é. Ó ku èmi àti ìyá.

Ó ń fi ìka tẹ́ etí ìborùn rẹ̀ pẹlẹbẹ lórí orúnkún.

“Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí,” ó wí. “Yàrá méjì yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n máa wà, lọ́dọ̀ bàbá mi. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbà á. Ọ̀gá yín wá ní ẹjọ́ wa lágbára. Ìwọ tó o máa ń wo inú kọ̀ǹpútà, kí lo rí níbẹ̀?”

Láptọ́ọ̀pù mi wà ní ṣíṣí lórí tábìlì láàárín àwa méjèèjì. Ojú ìwé yẹn gan-an ló wà lórí rẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mọ ohun tí pupa jẹ́. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, gbólóhùn mẹ́ta ni ìbá gbà mí. Mo ní gbogbo àyè. Ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀ tó máa dá mi lẹ́kun.

Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaja.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ṣàdúrà fún mi, pé Ọlọ́run á fún mi lọ́mọ tó máa dúró tì mí lọ́jọ́ ogbó bí mo ṣe dúró ti òun. Mo ṣe àmín. Lọ́jọ́ kejì mo kọ lẹ́tà pé oníbàárà wa ò gba ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó sì padà wá fọwọ́ sí i. Lẹ́tà Lárúbáwá ló fi kọ orúkọ rẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, ó rọra ń kọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀ sí igun ẹnu bíi ti ọmọ iléèwé. Mo dúró tì í, mo ń wò ó.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé. Yàrá náà gbóná, fáànù méjì ń yí lókè láì mú atẹ́gùn kankan wá. Alhaja jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Lọ́yà òdì kejì kọ́kọ́ dìde, ó sọ tirẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé, kò sì mẹ́nu ba ìdájọ́ tuntun yẹn. Mo rí i tí èjìká ọ̀gá mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ó wá dìde, ó ní a dúró lórí ìwé àlàyé wa àti ẹjọ́ pàtàkì tó wà nínú rẹ̀. Adájọ́ náà, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, ń wo kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. Ó tẹ nǹkan díẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbójú sókè.

“Lọ́yà, ìgbà wo lẹ yẹ ẹjọ́ yìí wò gbẹ̀yìn?”

Ọ̀gá yí ojú padà wò mí. Ó sọ fún adájọ́ pé ọmọ ọ́fíìsì òun tó wà lẹ́yìn òun ló ṣe ìwádìí náà. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo dìde. Mo ní mo tọrọ àforíjì, mi ò kíyè sí i pé wọ́n ti fagi lé e.

“Ó wà níbẹ̀,” ni adájọ́ wí. “Àmì rẹ̀ pupa.” Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì fún wa lọ́jọ́ ìdájọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tá a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹjọ́, Alhaja wá bá mi, ojú rẹ̀ túká. “Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n fún wa lọ́jọ́ ìdájọ́, mà.”

“Ó dáa. Mo rí i tí ìwọ náà dìde sọ̀rọ̀.” Inú rẹ̀ dùn sí mi.

Mo sáré lé lọ́yà òdì kejì bá ní ẹnu ọ̀nà. Mo bi í bóyá yàrá méjì yẹn ṣì wà nílẹ̀. Ó mi orí. Ó ní láti ọjọ́ tí lẹ́tà wa ti dé lẹni tó gbéṣẹ́ fún òun ti ní kí àwọn gbàgbé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ìdájọ́ jáde. A pàdánù. Wọ́n fún Alhaja ní oṣù mẹ́ta láti kó jáde. Ọ̀gá ní ká pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ìyá ní ó ti tó òun.

Mo dá lọ sí ibi tí ọkùnrin tó ra ilé ti ń ta irin. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Ó fún mi ní àga, ó sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi dópin. Ó ní, “Lọ́yà, mo nawọ́ sí yín nígbà yẹn tọkàntọkàn. Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé ẹ ò fẹ́. Àwọn tó yàwòrán ilé ti tún un yà, kò sáyè yàrá níbẹ̀ mọ́.” Mo bi í nípa sàréè. Ó wolẹ̀. Ó ní òun ò ní hú u, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù máa gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó ṣòro fún mi láti kórìíra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wù mí kí n lè kórìíra ẹnìkan tó yàtọ̀ sí ara mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun tán, mo lọ sí Ìta Fájì. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Alhaja ṣì wà lórí ẹní rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, fìlà tí kò tíì rán tán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọ̀sán tí òjò ń rọ̀ títí dé ohun tí mo sọ fún adájọ́. Mi ò dárúkọ ọ̀gá ju bó ṣe yẹ lọ. Kò dá mi dúró. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde.

Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, “Lọ́jọ́ tí mo bi ẹ́, o ti rí i?”

“Mo ti rí i, mà.”

“Ó wà lórí tábìlì?”

“Ó wà níwájú wa.”

Ó rán nǹkan díẹ̀ sí i. Mo wá béèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà. Mo ní, “Alhaja, ká ní mo sọ fún yín ni, ṣé ẹ̀ bá gba yàrá yẹn?”

Ó gbé fìlà náà kalẹ̀. “Báwo ni kí n ṣe mọ̀ ọ́n báyìí? Nígbà yẹn, mo lè gbà á, mo sì lè ní rárá, kí n fẹ́ jà á dópin. Èmi ni ǹ bá jókòó ro ó.” Ohùn rẹ̀ ò yí padà. “Ẹ ti gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, ìwọ àti ọ̀gá rẹ.” Ó tún mú fìlà náà, ó ní, “Ó dáa tó o wá sọ ọ́. Máa lọ sílé. Má wulẹ̀ wá kí mi ní Ìkòròdú.” Ìkòròdú ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé, ibẹ̀ ló ń kó lọ.

Mo lo ọdún kan sí i ní ọ́fíìsì yẹn, mo sì kúrò. Èmi àti ọ̀gá ò sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí mo fi lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé ilé ni mo mú kí Alhaja pàdánù, mo sì máa ń tu ara mi nínú pé ó ṣeé ṣe kí ilé náà bọ́ lọ́nàkọnà, nítorí kì í ṣe èmi ni mo jókòó nílé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Òótọ́ ni ìyẹn, kò sì ṣe mí láǹfààní kankan. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ilé. Ọjọ́ tó gun àtẹ̀gùn wá bá wa, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀, nínú àwa méjèèjì tó kù lórí tábìlì yẹn, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọ̀kan ti dí, mo sì jẹ́ kó gba ibẹ̀ lọ.

Mo ní ọ́fíìsì tèmi báyìí, kò tóbi, kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Bí oníbàárà bá jókòó, èyí tó burú ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ. Màá yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, màá túmọ̀ rẹ̀ fún un, màá sì sọ fún un pé mi ò lè ní kó fọkàn balẹ̀. Àwọn kan máa ń dìde, wọ́n á lọ wá lọ́yà tó máa sọ ọ̀rọ̀ tó dùn fún wọn. Ní oṣù tó kọjá, bàbá kan kó ìwé rẹ̀ lórí tábìlì mi láì dágbére. Ó dùn mí, mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Mo sì tún máa ń ronú nípa Ìkòròdú, bóyá ìyá náà ṣì wà láyé, bóyá ó ti rí ibi tó ń jáde lọ lẹ́yìn àsùbáà. Mi ò lọ rí, nítorí ó ní kí n má wá, ìyẹn sì jẹ́ ohun kan tó ṣẹ́ kù fún un láti pinnu. Ohun tí mo bá mọ̀ nípa ọ̀ràn ẹnìkan, tẹni náà ni. Ọwọ́ tèmi ló kàn kọ́kọ́ dé.